Bàtà Tí Mo Bọ́ Sẹ́nu Ọ̀nà

Ilẹ̀ tí wọ́n ní kí n tẹ́ táìlì lé lórí, omi ló wà níbẹ̀ kí n tó dé. Múfú, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ táìlì, ló sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ sáìtì ní Lákọwé. Ó nawọ́ sí ilé alájà méjì kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní funfun, ó ní ẹja àrọ̀ ni wọ́n ń mú tẹ́lẹ̀ níbi tí pálọ̀ rẹ̀ wà yẹn. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, torí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún àlejò nìyẹn. Nígbà tó di ọ̀sán, ó mú mi lọ sẹ́yìn ọgbà, mo sì fojú ara mi rí páìpù ńlá kan tó ń fa iyanrìn àti omi látinú ọ̀sà, tó ń pọ̀ ọ́ sórí àbàtà. Omi ń ṣàn padà, iyanrìn ń dúró. Ibi tí ọkọ̀ ojú omi lè gbà kọjá nígbà tí mo dé, kò pẹ́ tí àwọn bíríkìlà fi ń rìn lórí rẹ̀ tí wọ́n ń jẹ ẹ̀pà.

Mo la ẹnu sílẹ̀. Ní Kétu tí mo ti wá, ilẹ̀ pupa ni ilẹ̀ wa. Ó ti wà níbẹ̀ kí àwọn baba ńlá wa tó dé, kò sì sí ẹni tó ń bi í bóyá yóò gba òun dúró. Mo bi Múfú bóyá ẹ̀rù ò ba àwọn tó fẹ́ gbé ilé yẹn. Ó ní àwọn olówó kì í bẹ̀rù omi, omi ló ń bẹ̀rù wọn. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí n tó lè kúnlẹ̀ níbẹ̀ láìkọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ilẹ̀ náà wò.

Ọmọ Kétu ni mí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ní òdìkejì bodè. Yorùbá ni bàbá mi, Yorùbá ni ìyá tó bí mi. Mo ti sọ fún ara mi pé bí mo bá dé Èkó, ilé ni mo dé. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti lanu, wọ́n á ní, "Kutonu, kí lo wí?" Kutonu ni wọ́n sọ mí ní sáìtì, bẹ́ẹ̀ n kò gbé Kutonu rí láyé mi. Mo ń pe táìlì ní káró bí a ṣe ń pè é nílé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà kò gbọ́ tiwọn tán. Gbólóhùn kan á bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá, á gba inú Gẹ̀ẹ́sì kọjá, á wá sọ̀ kalẹ̀ sí Píjìn, èmi á sì máa mi orí bíi pé mo wà nínú ọkọ̀ náà pẹ̀lú wọn.

Ohun mìíràn tó yà mí lẹ́nu ni géètì. Kétu náà ní géètì o. Àkàbà Ìdènà là ń pè é, òun ni àwọn baba wa fi ń dènà ogun. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni, gbogbo ìlú ló sì ni ín. Ní Lẹ́kkí Phase 1 tí mo ti ṣe iṣẹ́ mi àkọ́kọ́, òpópónà ní géètì, ilé ní géètì, ẹnu ilẹ̀kùn gan-an tún ní irin. Èèyàn ò lè wọlé àfi bí ẹni tó wà nínú ilé bá fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá tó gbà mí síṣẹ́ gbàgbé láti fi tèmi ránṣẹ́. Mo dúró síta pẹ̀lú òòlù rọ́bà mi títí oòrùn fi kan àtàrí. Sẹ̀kíúrítì tó wà níbẹ̀ kò burú, ó tiẹ̀ fún mi ní àga. Ó kàn ní òun ò mọ̀ mí ni, òtítọ́ ló sì sọ.

Iṣẹ́ táìlì, orí eékún ni wọ́n ti ń ṣe é. Èèyàn á kúnlẹ̀ láàárọ̀, á máa fi ẹ̀yìn rìn títí yóò fi kan ògiri. Ìyàwó mi, Rosalí, máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé kò sí wòlíì tó kúnlẹ̀ tó mi. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Inú mi máa ń dùn bí mo bá wẹ̀yìn tí mo rí ilẹ̀ tó ti tẹ́jú, tó ń dán, níbi tó jẹ́ pé gbágungbàgun ló wà láàárọ̀.

Inú yàrá ni ìṣòro wà. Addo, nítòsí Ajah, ni mo gbà á sí, lẹ́yìn ilé kan tí wọ́n ti ń ta ike àti abọ́. Bí òjò bá rọ̀, omi á wọlé wá kí wa láìkan ilẹ̀kùn. Àwọn ará ilé kò níwà búburú, kálukú kàn ń sáré tirẹ̀ ni. Ó máa ń ṣe mí bíi pé mo lè ṣàìsàn kí n sì yá kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Lọ́jọ́ kan mo ra ẹ̀kọ lọ́nà, mo tú ewé rẹ̀, òórùn rẹ̀ dà bíi ti ìyá mi gẹ́lẹ́, ni mo bá bú sẹ́kún. Géńdé bíi tèmi, mo ń sunkún nítorí ẹ̀kọ.

Rosalí ló jẹ́ kí n fi ilé sílẹ̀, òun náà ló sì ń fà mí padà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni oyún ti bà jẹ́ lára rẹ̀, oṣù keje ni ó sì ń jẹ́ nígbà méjèèjì. Nígbà tí ẹlẹ́ẹ̀kejì lọ, a kò lè wo ara wa lójú fún ìgbà pípẹ́. Iṣẹ́ kò sí nílé. Mo ní kí n wá sí Èkó, kí ó lè jẹ́ pé bí Ọlọ́run bá tún fún wa, ọsibítù tó dáa ló máa bí i sí. Kò pẹ́ tí mo dé ni ó pè mí pé òun ti fẹ́ra kù. Mo fẹ́ padà lójú ẹsẹ̀. Òun ló ní kí n dúró, pé kí n má fi ohun tí mo wá ṣe sílẹ̀ nígbà tí ìdí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú la máa ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Gbogbo ìgbà tó bá ti gbé fóònù, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń kọ́kọ́ sọ: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti jẹun?" Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí láti ìgbà tí mo ti ń fẹ́ ẹ sọ́nà, ìgbéyàwó kò yí i padà. Màá ní mo ti jẹun, bí n kò tiẹ̀ tíì jẹ. Lẹ́yìn náà, á gbé fóònù lé ikùn rẹ̀, á ní kí n bá ẹni tó wà nínú ilé sọ̀rọ̀. N kì í mọ ohun tí màá sọ. Mo máa ń ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún un, pé lónìí mo tẹ́ ilé ìwẹ̀ kan, pé òkun kò jìnnà síbi tí mo wà, pé mo ń bọ̀. Rosalí ní bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ilé ìwẹ̀ ni ọmọ náà máa ń sùn.

Lọ́jọ́ Àìkú kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo bí mo ṣe fẹ́ gba inú omi kọjá. Mo rí àwọn kan tó ń bọ̀ nínú aṣọ funfun, tí wọn ò wọ bàtà, wọ́n ká etí aṣọ wọn sókè díẹ̀, wọ́n ń rìn lọ nínú omi náà láìkánjú. Inú ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n bí mi sí, inú rẹ̀ lèmi àti Rosalí ti pàdé. N kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀. Mo bọ́ bàtà mi, mo tẹ̀lé wọn.

Ní ẹnu ọ̀nà ìjọ náà, bàtà tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Sálúbàtà rọ́bà àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wà níbẹ̀, bàtà aláwọ tó ń dán ti àwọn òṣìṣẹ́ báńkì wà níbẹ̀, kò sì sí bí mo ṣe lè mọ ẹni tó ni èyí tàbí tọ̀hún nígbà tí gbogbo wọn ti wọlé. Wọ́n gbé orin kan tí a máa ń kọ ní Kétu. Mo la ẹnu láti bá wọn kọ ọ́, omijé ló jáde. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti kọjá bodè, kò sí ẹni tó bi mí níbi tí mo ti wá.

Màmá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Ìjọ. Ọmọ onílẹ̀ ni, láti ìran àwọn apẹja tó ti wà ní etí òkun yìí kí ẹnikẹ́ni tó máa ta pílọ́ọ̀tì. Yorùbá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú nínú, tèmi ní Kétu nínú, ohun tí a ò bá gbọ́ lẹ́nu ara wa, a máa ń wò ó lójú. Ó yàn mí lọ́mọ láìbi mí.

Nígbà tí oyún Rosalí wọ oṣù keje, oorun dá lójú mi. Nínú ìsìn Ọjọ́rú kan, Ẹ̀mí bà lé arábìnrin kan tó jẹ́ aríran. Ó ní ọkùnrin kan wà láàárín wa tó wá láti ìlú òkèèrè, tí ìyàwó rẹ̀ ń ru ẹrù tó wúwo nílé. Ó ní kí ọkùnrin náà fi ẹsẹ̀ lásán wá dúró níwájú Ọlọ́run fún ọjọ́ mẹ́ta, kó bẹ̀bẹ̀ fún un. N kò tíì sọ ọ̀rọ̀ Rosalí fún ẹnì kankan ní Èkó, bí ó ti wù kó kéré mọ. Mo dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, n kò lè dìde. Títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀, tìyanu-tìyanu ni mo ń rántí rẹ̀, pé a mọ̀ mí níbi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ mí.

Mo ṣe ọjọ́ mẹ́ta náà. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé e, bí mo ṣe mú búùtù, bàtà iṣẹ́ mi, pé kí n wọ̀ ọ́, ohun kan sọ sí mi lọ́kàn pé bí ẹsẹ̀ mi bá kàn án, Rosalí á kú. Mo sọ bàtà náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Láti ọjọ́ yẹn, ẹsẹ̀ lásán ni mo fi ń rìn, ní títì Addo, nínú bọ́ọ̀sì Ajah, àti lórí sáìtì tí àfọ́kù táìlì wà káàkiri. Oṣù keje kọjá, oyún dúró. Mo wá gbà pé bàtà tí n kò wọ̀ ló dì í mú.

Obìnrin Abẹ́òkúta kan ló ń darí sáìtì wa, Madam Injiníà là ń pè é. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ ò ga, ṣùgbọ́n bó bá ti ń bọ̀, rédíò á dákẹ́ fúnra rẹ̀. Ìjọ ńlá kan ní Lẹ́kkí ló ń lọ, kò sì fi pamọ́ pé ọ̀rọ̀ àwa aláṣọ funfun ò yé òun. Òfin méjì ló ní. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ sáìtì láìwọ búùtù. Yàrá tí a bá sì ti tẹ́ tán, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ búùtù wọ̀ ọ́, ẹnu ọ̀nà ni a gbọ́dọ̀ bọ́ ọ sí kí ẹrẹ̀ má baà ba táìlì jẹ́. Inú búùtù tí a bá bọ́ náà la máa ń ki fóònù bọ̀, kí símẹ́ǹtì má baà kàn án. Ìrìn àjò ló wà ní gbogbo ìgbà tí mo ti bọ́ bàtà, kò rí ẹsẹ̀ mi. Múfú nìkan ló ń rí i. Mùsùlùmí ni Múfú, ó ní òun ò ní bá mi jà lórí ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n bí mo bá ti fẹ́ di áńgẹ́lì, kí n kọ́kọ́ parí ilé ìwẹ̀ òkè kí n tó fò lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Madam Injiníà dé. Ojú rẹ̀ bọ́ sí ẹsẹ̀ mi lójú ẹsẹ̀.

"Ọ̀gá Táìlì, búùtù yín dà?"

Mo ní ó wà nílé, pé ọ̀rọ̀ èmi àti Ọlọ́run ni. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ibi tí táìlì ti gé mi, tí mo fi àkísà dì.

"Ọlọ́run ló ní kí ẹ máa ṣẹ̀jẹ̀ sórí sáìtì mi?"

Ó sọ fún mi pé ní sáìtì tí òun ti ṣe kọjá, ìṣó tó ti dípẹtà gún ọkùnrin kan, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ náà ni. Ó ní òun ló lọ sọ fún ìyàwó rẹ̀, òun ò sì ní lọ sọ irú ẹ̀ fún ìyàwó ẹlòmíràn mọ́ láyé. Bí mo bá dé lọ́jọ́ Ajé láìwọ búùtù, kí n má wulẹ̀ wọlé. Kò pariwo, kò sì bú mi. Mo mọ̀ pé ó tọ̀nà, ìyẹn ló sì bà mí nínú jẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ìyá Rosalí pè. Ó ní, "Àna mi, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára Rosalí. Wọ́n ti ń gbé e lọ sí ọsibítù ńlá." Mo bi í pé ibo. Fóònù já. Mo pè padà, wọ́n ní wọ́n ti pa fóònù náà. Mo pè é títí ìrọ̀lẹ́. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Kétu, ó ní òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ni, pé kò sí ẹni tó mọ ìlú tí wọ́n gbé e lọ, Pobè ni o, Àjàṣẹ́ ni o, tàbí Kutonu gan-an. Ó ní òun á gun ọ̀kadà lọ wá wọn, pé kí n má kúrò níbi tí fóònù ti lè bá mi, torí fóònù kì í ṣiṣẹ́ dáadáa lójú ọ̀nà bodè. Mo ti di báàgì mi tán. Mo tú u. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, bàtà ń bẹ lábẹ́ rẹ̀, mo sì dúpẹ́ pé n kò wọ̀ ọ́, nígbà kan náà mò ń bi ara mi pé kí ló wá dé tí kò ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, n kò lè lọ sílé. Mo jókòó sórí iyanrìn ọgbà ìjọ. Ìyá Ìjọ wá jókòó tì mí, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síwájú bí ọmọdé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti Rosalí, ti bàtà, ti Madam Injiníà. Mo ní kí ó gbà mí nímọ̀ràn, ṣé kí n pàdánù iṣẹ́ ni, tàbí kí n pàdánù ìyàwó mi.

Ó bi mí pé, "Ọjọ́ mélòó ni Ẹ̀mí wí?"

"Mẹ́ta, Mà."

"Ta ló wá fi ìyókù kún un?"

Mo wo iyanrìn. Mo ní, "Ẹ̀rù ni, Mà."

Ó mi orí. Ó sọ ohun kan fún mi tí n kò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú ìjọ rí. Ó ní ọkọ òun wọ òkun lọ pẹja nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́, kò dé. Òun gbààwẹ̀. Òun sùn sílé Ọlọ́run. Òun fi sálúbàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà níbi tó bọ́ ọ sí, òun ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e, àní òun ò jẹ́ kí wọ́n gbálẹ̀ ibẹ̀, torí òun gbà pé bí wọ́n bá ṣí i nípò, ọkọ òun ò ní padà. Kòkòrò ló jẹ sálúbàtà náà tán. Ọkọ òun ò padà.

Mo bi í pé kí ló dé tó ṣì ń sin Ọlọ́run.

Ó ní, "Ọmọ mi, nígbà tí mo di sálúbàtà yẹn mú, mo rò pé mo di Ọlọ́run mú ni. Ìgbà tí kòkòrò jẹ ẹ́ tán ni mo rí i pé Òun ló ti ń dì mí mú. Mo jẹun, mo tọ́ ọmọ mẹ́rin, mo tún rẹ́rìn-ín. N kò mọ bí mo ṣe ṣe é." Ó gbọn iyanrìn kúrò lẹ́sẹ̀. "N kò lè sọ fún ọ pé ìyàwó rẹ á yè. Mo fẹ́ kó yè. Màá bá ọ gbàdúrà títí ohùn mi á fi há. Ṣùgbọ́n lọ wọ bàtà rẹ."

Mo sunkún gan-an lọ́jọ́ yẹn. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó gbàdúrà ní Ìjẹ̀bú, n kò gbọ́ ìdajì rẹ̀, mo sì ń ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo fa búùtù jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Aláǹtakùn ti kọ́lé sínú ọ̀kan. Mo gbọ̀n ọ́n dànù, mo so okùn rẹ̀. Mo ní, "Ọlọ́run, mo ti wọ̀ ọ́ o. N kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́ tí mo lè fi dì í mú. Rosalí di ọwọ́ rẹ." Mo jáde. N kò mọ bí màá ṣe sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi láàárín Addo àti Lákọwé láàárọ̀ yẹn. Fóònù ò tíì dún, kò sí ìròyìn kankan, ṣùgbọ́n àyà mi balẹ̀. Mo rí oòrùn tó ń yọ lórí iyanrìn tuntun, mo rí àwọn lékeléke tó bà sórí rẹ̀, ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí, kì í ṣe ẹ̀rù tí mo ti ń bẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí fẹ̀, ó sì dákẹ́, inú rẹ̀ ni mo sì ń rìn lọ.

Madam Injiníà wà ní géètì. Ó wo búùtù mi, ó mi orí. Múfú, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà tí ìyá Rosalí pè, ti sọ ọ̀rọ̀ náà fún un, torí ó ní kí n lọ sí pálọ̀ ìsàlẹ̀, pé iṣẹ́ ibẹ̀ ò le, kí n kàn fi símẹ́ǹtì funfun dí àárín àwọn táìlì. Mo bọ́ búùtù sẹ́nu ọ̀nà, mo ki fóònù sínú rẹ̀, mo wọlé, mo kúnlẹ̀.

Pálọ̀ náà tóbi bí ilé ìwé. Kò sí àga, kò sí aṣọ fèrèsé, bí èèyàn bá húkọ́, ògiri á gbà á. Mò ń ṣiṣẹ́ bọ̀ láti òpin yàrá, mo ń ronú Rosalí. A máa ń sọ pé ìkúnlẹ̀ abiyamọ ò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Mo ní bí ó bá jẹ́ pé orí ìkúnlẹ̀ ló wà lásìkò yìí, èmi náà rèé lórí eékún mi, kí Ọlọ́run ka ti àwa méjèèjì pọ̀.

Fóònù dún.

Ó ń dún nínú búùtù mi lẹ́nu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ dà bí ẹni pé ó ń ti inú kànga bọ̀. Mo wà lọ́hùn-ún ní òpin yàrá. Madam Injiníà ló wà nítòsí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa fóònù náà yọ, ó wò ó, ó sì bọ́ búùtù tirẹ̀ láìtú okùn. Ẹsẹ̀ lásán ló fi rin orí táìlì tútù náà wá bá mi. Símẹ́ǹtì ti bo ọwọ́ mi, òun ló tẹ̀ ẹ́, ó fi í sí sípíkà, ó sì lóṣòó tì mí.

Ariwo lásán la kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà, ọmọ kan ké.

Ẹ̀yin ará, ilé náà gbà á. Igbe náà kan ògiri, ó kan òrùlé, ó gun àtẹ̀gùn lọ sí òkè, ó padà wá bá wa. Òòlù dákẹ́ ní yàrá kejì. Múfú yọjú, ó di ilẹ̀kùn mú, ó ń sọ Alihamudulilahi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo gbọ́ ìyá Rosalí tó ní, "Àna mi, ẹ gbọ́ ọmọbìnrin yín."

Mo ní, "Rosalí ńkọ́?"

Ọmọ náà ń ké. Mo tún ní, "Mà, Rosalí ńkọ́?" Madam Injiníà di ọwọ́ mi mú pẹ̀lú símẹ́ǹtì rẹ̀. Ó pẹ́. Lójú mi, ó pẹ́ ju gbogbo ìgbà tí mo ti lò ní Èkó lọ. Mo wá gbọ́ ohùn kan tó tinrín, tó rẹ̀, tó jẹ́ ti ìyàwó mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti jẹun?"

Mo fi iwájú orí kan táìlì. N kò lè sọ fún un pé mo ti jẹun, n kò sì lè purọ́ lọ́jọ́ náà. Mo kàn ń sọ pé rárá, rárá, n kò tíì jẹun, Rosalí, n kò tíì jẹun. Mo gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń rẹ ọmọ náà lẹ́kún pé kó dákẹ́. Madam Injiníà sún mọ́ fóònù, omi ti kún ojú rẹ̀, ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó sunkún díẹ̀ sí i."

Ìyanu la sọ ọmọ náà. Ó ti ń rìn báyìí. Òun àti ìyá rẹ̀ ti wá bá mi ní Addo, omi òjò ṣì ń wọlé, ṣùgbọ́n àwa mẹ́ta là ń gbọ́n ọn dànù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti ronú ohun tí ǹ bá wí ká ní igbe yẹn kò dé, tàbí ká ní ohùn Rosalí ni kò dé. N kò mọ̀. Mo mọ̀ pé mo ti wọ búùtù mi kí fóònù tó dún, mo sì máa ń dúpẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ìyá Ìjọ ti gbé Ìyanu pọ̀n. Ó ní ó wúwo, ó ní kí n má fún un ní ẹ̀kọ mọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo mú wọn lọ sí Lákọwé kí Rosalí lè rí ilé náà. Àwọn tó ni ín ti kó wọlé, aṣọ fèrèsé ti wà níbẹ̀. Sẹ̀kíúrítì ò mọ̀ mí. Ó fi ìwà pẹ̀lẹ́ bi mí pé ta ni a mọ̀ nínú ilé yẹn, pé ta ló fún wa ní nọ́ńbà.

Mo nawọ́ sí Ìyanu. Mo ní, "Ọmọ yìí ló kọ́kọ́ sunkún níbẹ̀."

Ó wò mí títí, ó rẹ́rìn-ín, kò sì ṣí géètì. N kò bínú sí i. Nígbà tí a yíjú padà, Ìyanu ti já lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó ti fi ẹsẹ̀ kan ti bàtà ẹsẹ̀ kejì bọ́, ó ti fi méjèèjì sílẹ̀, ó ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ lọ lórí iyanrìn tó jẹ́ omi tẹ́lẹ̀. Rosalí fẹ́ pè é padà. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Mo ṣa àwọn bàtà kékeré náà, mo kó wọn dání, mo sì tẹ̀lé ọmọ mi.